Ẹja Tuntun Inú Páálọ̀ Àǹtí Àrìnpé

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Adéléyẹ,
Sùúrùlérè, Èkó.
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹsàn-án, 1975.

Olúdayọ̀, àbúrò mi,

Báwo ni òtútù Aberdeen? Ṣé o ń jẹun, àbí ìwé lo ń jẹ? Àlàáfíà ni a wà níbí. Ọkọ mi, Bọ̀ọ̀dá rẹ Theophilus, ní kí n kí ọ, àwọn ọmọ náà ní kí n kí ọ. Láti ìparí oṣù Keje tí ìjọba ti yí padà, gbogbo ẹni tó ní èèyàn lókè òkun ní àdúgbò yìí ló ti gba lẹ́tà pé, "Ṣé ẹ wà láàyè?" Èmi nìkan ni mi ò gba nǹkan kan. Mo ti sọ tèmi, ó ti tán nínú mi.

Ọ̀rọ̀ ẹja ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́ lónìí. Nígbà tí o ń lọ lọ́dún tó kọjá, o gbé àpótí gíláàsì rẹ sínú páálọ̀ mi, pẹ̀lú ẹja abilà méjì tó wà nínú omi òkun inú rẹ̀, o ní kí n máa bá ọ tọ́jú wọn títí o ó fi dé. Bọ̀ọ̀dá rẹ bínú, ó ní kí ni ẹja ń wá ní páálọ̀ nígbà tí ìkòkò wà ní kíṣìnì. Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni pé bí mo bá ti ilé ìwé dé báyìí, kí n tó bọ́ bàtà, iwájú àpótí yẹn ni mo kọ́kọ́ ń lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Jẹ̀lílì, apẹja tó máa ń bá wa bu omi òkun wá láti Tarkwa Bay, gbé korobá kan dé. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wá wo nǹkan." Ẹja kan ló wà níbẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ó pẹlẹbẹ, ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ìlà dúdú mẹ́rin gba ìhà rẹ̀ kọjá wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó bí ẹnu ẹni tó fẹ́ súfèé. Jẹ̀lílì ní, "Inú àwọ̀n wa ló kó sí. Kò tó jẹ, ó sì lẹ́wà jù fún ẹni tó máa sọ ọ́ nù."

Olúdayọ̀, ó lẹ́wà. Mo gbà á.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n kàn dà á sínú omi tí kò mọ̀. Mo bu ú pẹ̀lú omi rẹ̀ sínú ọ̀rá náílọ̀nù, mo fi ọ̀rá náà lé ojú omi àpótí títí ooru méjèèjì fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà, mo ń fi ṣíbí bu omi àpótí sínú ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀. Wákàtí méjì gbáko. Síbẹ̀, bó ṣe bọ́ sínú omi báyìí, ẹ̀yìn òkúta tó wà ní kọ̀rọ̀ ló sá sí. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa. Mo fi aago ọwọ́ mi ka bí ó ṣe ń mí: ìgbà àádọ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá yọjú, àwọn abilà rẹ méjèèjì á lé e padà. Wọ́n ti bu díẹ̀ jẹ lára lẹbẹ rẹ̀. Oúnjẹ gbígbẹ ń kọjá níwájú rẹ̀, kò wò ó.

Ìwọ lo ń kọ́ ìmọ̀ ẹja. Kí ni kí n ṣe? Tètè fèsì, nítorí mi ò mọ ọjọ́ tó kù fún un.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ Àrìnpé.


Sùúrùlérè,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 1975.

Olúdayọ̀,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi àkọ́kọ́ lè má tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mi ò lè dúró. Ẹ̀mí kì í dúró de ilé ìfìwéránṣẹ́.

Mo pa iná orí àpótí, mo sì fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tí a fi ń bo ìwé àwọn ọmọ bo gíláàsì náà yíká. Mo kàn ṣí ihò kan tí ojú mi kan lè gbà wo inú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àádọ́fà tí mò ń kà ti di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá fẹ́ jáde, abilà ńlá á yọ sí i bí onílé tí wọn ò san owó ilé fún.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì mi ló là mí lójú. Ọmọ tuntun kan wọlé sí wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọmọ́ṣaléwá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti kó dé. Ibi tó bá fẹ́ jókòó sí, wọ́n á ní, "Ibí ní onílé." Mo bá wọn wí títí, ó sú mi. Lánàá, mo ní kí gbogbo wọn kó báàgì wọn jáde. Mo to gbogbo bẹ́ǹṣì bí wọn kò ṣe rí tẹ́lẹ̀. Èyí tó kọjú sí fèrèsé ti kọjú sí ògiri. Nígbà tí wọ́n wọlé, kò sí ẹni tó mọ ibi tó jẹ́ tirẹ̀. Kálukú ń wá ààyè. Ọmọ́ṣaléwá jókòó sí iwájú, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan.

Ibi tí mo dúró sí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi ni mo ti rántí ẹja.

Mo délé, mi ò jẹun. Mo ki ọwọ́ bọ omi títí dé ìgúnpá, mo yọ gbogbo òkúta, mo sì tún wọn tò. Ihò tí abilà ńlá ń gbé tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Mo ṣe ihò tuntun mẹ́rin, wọ́n ju iye ẹja lọ. Olúdayọ̀, ó yẹ kí o rí wọn! Abilà méjèèjì ń yí kiri bí ẹni tó ti oko dé tí kò bá ilé rẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò rí ti àlejò rò. Láàárín ìṣẹ́jú ogún, elẹ́nu ṣóńṣó jáde sí àárín omi, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó wọ ihò kan, ó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Kò tíì jẹun o. Èyí ló ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àrìnpé.


Aberdeen, Scotland.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 1975.

Àǹtí mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò jẹ́ kí n mí. Rédíò ni mo ti gbọ́ ti ìjọba, ọkàn mi sì balẹ̀ nígbà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá àti àwọn ọmọ.

Lẹ́tà yín ti ọjọ́ keje dé lónìí, mo sì jókòó láti fèsì lójú ẹsẹ̀. Àǹtí mi, ẹ̀ bá ti bi mí kí ẹ tó gba irú ẹja yẹn. Ó ṣòroó tọ́jú. Àwọn tó kàwé nípa rẹ̀ pàápàá máa ń pa á. Ohun tí ìwé wí nìyí. Ẹ má fọwọ́ kan òkúta kankan nínú àpótí, nítorí ẹja tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ kò fẹ́ ìdàrúdàpọ̀. Bí omi bá ń fà, ẹ fi omi òkun tí Jẹ̀lílì bù wá kún un. Oúnjẹ gbígbẹ yẹn náà ni kí ẹ máa fún un. Bí ebi bá pa á dáadáa, yóò jẹ ẹ́. Bí ó bá tó ọjọ́ méje tí kò jẹ nǹkan, ẹ dá a padà fún Jẹ̀lílì kó lọ dà á sí òkun.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọgbọ́n orí kún un. Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni, kì í ṣe ọbẹ̀ tí èèyàn ń tọ́ wò kó tó fi iyọ̀ sí i.

Àbúrò yín,
Olúdayọ̀.


Sùúrùlérè,
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá, 1975.

Olúdayọ̀,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ́rìn-ín. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

O ní kí n má fọwọ́ kan òkúta. Ó dáa. Ìwọ náà á ti gba lẹ́tà mi kejì báyìí, o ti rí ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

O ní kí n máa fi omi òkun kún un bí omi bá fà. Jọ̀wọ́, tún ọ̀rọ̀ yẹn rò. Omi ni afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, kì í gbé iyọ̀. Ṣé o kò rí iyọ̀ funfun tó ń gbẹ mọ́ etí gíláàsì ni? Bí mo bá ń bu omi oníyọ̀ lé omi oníyọ̀, kí ni àpótí yẹn máa dà? Kí lẹ́tà rẹ tó dé ni mo ti wádìí rẹ̀. Mo mú ìgò oògùn kékeré kan, mo bu iyanrìn sí i títí tó fi léfòó lóòró nínú omi tí Jẹ̀lílì ṣẹ̀ṣẹ̀ bù dé, mo so òwú pupa mọ́ ibi tí omi dé lára rẹ̀. Mo wá gbé ìgò náà sínú àpótí. Òwú pupa yọ sókè omi! Omi inú àpótí ti níyọ̀ ju omi òkun lọ, ó ti nípọn, ó ń ti ìgò sókè. Láti ìgbà tí o ti lọ ni èmi fúnra mi ti ń bu omi òkun kún un, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ́ mi. Ó ti mọ́ àwọn abilà lára díẹ̀díẹ̀. Àlejò yẹn ló ti inú òkun bọ́ sínú rẹ̀ lójijì. Abájọ tó fi ń mí gúlegúle. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń bu omi òjò sí i, ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, títí òwú pupa fi bá ojú omi dọ́gba.

O ní ebi á mú un jẹ oúnjẹ gbígbẹ. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fi jẹ ẹ́. Mo jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé, mo ń wò ó. Kò gbójú sókè wo oúnjẹ rí. Ara òkúta ló ń fi ẹnu ṣá, ṣá, ṣá, bí adìẹ tó ń ṣa ọkà. Ni mo bá bi ara mi pé: kí ni Ọlọ́run fi irú ẹnu yìí ṣe? Ẹnu ihò ni. Mo gé edé tútù wẹ́wẹ́, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ bọ inú ihò òkúta kan, mo sì gbé òkúta náà padà sínú omi. Ó wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan, ó sá lọ. Ó tún wá. Kí n tó ka ọgọ́rùn-ún, ihò yẹn ti mọ́ tónítóní. Mo pariwo débi pé Bọ̀ọ̀dá rẹ sáré jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, iná lọ. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́. Mo rí i tí àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá mí lójú omi. Mo mú ife, mo ń bu omi, mo ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè bá a wọlé. Nígbà tí apá mi kú, Bọ̀ọ̀dá rẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gba ife. Wákàtí mẹ́ta la fi ṣe é, èmi díẹ̀, òun díẹ̀. Ó ń sọ fún ẹja pé, "Ìwọ yìí, bí o bá kú lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, èmi fúnra mi ni màá dín ọ." Kò kú.

Ọgbọ́n orí tí o ní kí n má fi kún un, òun ni mo fi kọ́ ọ ní ABD. Má gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àrìnpé.


Aberdeen,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 1975.

Àǹtí mi,

Mo ti ka lẹ́tà yín méjèèjì tó ìgbà mẹ́fà. Mo tọrọ gáfárà. Ọ̀rọ̀ omi òkun yẹn, ẹ̀yin lẹ jàre. Mo padà lọ wo ìwé mi, ó wà níbẹ̀ gbangba. Èmi ni mo sáré kà á kọjá. Ti òkúta ni mi ò tíì rí nínú ìwé kankan tí mo kà. Ti ìgò oògùn yẹn, mo pa ìwé dé, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Èèyàn ń fi ẹ̀rọ olówó ńlá ṣe é níbí.

Àǹtí, ẹ sọ pé ẹ ka èémí rẹ̀. Ṣé ẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀? Bí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dà á kọ, ẹ fi ránṣẹ́. Ohun tí ó jẹ, ìgbà tí ó jáde, bí àwọn abilà ṣe ń ṣe sí i. Mo fẹ́ kà á.

Àbúrò yín tí ojú ń tì,
Olúdayọ̀.


Sùúrùlérè,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 1975.

Olúdayọ̀ mi,

Ẹ̀dà ìwé náà ló wà nínú àpòòwé yìí, ojú ewé mẹ́rìnlélógún. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nínú ìwé eléwé ọgọ́ta tí a ń fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dà á kọ, ìka mi ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìdùnnú ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti máàkì. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò béèrè ìwé tèmi.

Jẹ̀lílì sọ pé àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì ti dí ẹnu òkun, wọn ò ríbi já ẹrù, omi tòsí ti dọ̀tí. Ó ń wa ọkọ̀ lọ jìnnà báyìí kó tó bu omi fún wa, kò sì ráhùn. Ó bi mí ní ọjọ́ kan pé, "Tíṣà, àlejò wa ńkọ́?" Mo mú un wọlé wá wò ó. Ọkùnrin tó ti ń pa ẹja láti kékeré, ó kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì, ó ní, "Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń wò wá báyìí."

Ẹja náà ti ń gba edé ní ìka mi. Ó ń mí ní ìgbà méjìléláàádọ́rin. Ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àrìnpé.


Aberdeen,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kọkànlá, 1975.

Àǹtí mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí ni mo ti ń rìn ní bèbè. Màdáámù, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka wa, sọ fún mi lójú gbogbo èèyàn pé iṣẹ́ mi dà bí iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ìwé sínú ìwé; pé mi ò tíì fi ojú ara mi rí ohun kan. Ó ní kí kálukú wa mú àkíyèsí tirẹ̀ wá, ti ẹ̀dá omi kan. Mo wo ẹja nínú yàrá ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò rí nǹkan kan. Ìwé yín wá dé.

Àǹtí, mo dúró níwájú wọn, mo sì ka tiyín. Òkúta tí a tún tò, ihò òkúta àti edé, ìgò àti òwú pupa. Mo ní èmi ni mo ṣe é nígbà tí mo wà ní Èkó. Nígbà tí mo parí, Màdáámù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó kọ èyí mọ bí a ṣe ń wo nǹkan." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo gba ọwọ́ náà.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ti rí mi, á bi mí ní ìbéèrè kan sí i nípa ẹja yẹn. Mi ò lè dáhùn. Mo ń parọ́ lé irọ́.

Mo rántí lẹ́tà tó dé sí ilé wa ní 1958, pé wọ́n ti gbà yín láti lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìbàdàn. Ọdún yẹn ni Bàbá kú. Ẹ fi lẹ́tà náà sínú Bíbélì, ẹ sì lọ gba iṣẹ́ tíṣà kí èmi lè lọ sílé ìwé. Èyí tí ẹ fún mi ní ìgbà yẹn, ẹ̀yin lẹ fún mi. Èyí tí mo mú báyìí, mo jí i ni.

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ.

Olúdayọ̀.


Sùúrùlérè,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejìlá, 1975.

Olúdayọ̀,

Èmi Theophilus ni mo ń kọ èyí, ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọ̀. Mi ò kì í kọ lẹ́tà tí kò ní nọ́ńbà fáìlì lórí, nítorí náà fara mọ́ ọn bó ṣe rí.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Orí ìdúró ló ti kà á, níwájú àpótí, àwo edé wà lọ́wọ́ kejì. Ó ká a sí mẹ́rin. Ó fún ẹja lóúnjẹ tán. Ó wá gbé ìwé eléwé ọgọ́ta yẹn lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí kò ti lè rí i. Láti ọjọ́ náà, ó ń bọ́ wọn, ó ń wọn iyọ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó síwájú wọn mọ́. Tí ó bá ti ilé ìwé dé, bàtà ló ń kọ́kọ́ bọ́.

Mo bi í léèrè, ó gbé lẹ́tà rẹ fún mi. Mo kà á. Mo ní, "Kí lo fẹ́ kó ṣe?" Ó ní, "Mi ò fẹ́ nǹkan kan." Nígbà tó yá, ó ní, "Obìnrin yẹn ń béèrè ohun tí mo rí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi. Kò sì mọ̀ pé èmi lòun ń bi."

Olúdayọ̀, mo ti bá àwọn ọ̀gá ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní sẹkitéríàtì. Mo mọ èèyàn tó ní làákàyè bí mo bá rí i. Inú ilé mi ni mo ti ń bá a gbé láti ọdún mẹ́tàdínlógún, èmi náà sì ń fi ẹja ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Sátidé tó kọjá, mo fa àga sí iwájú àpótí, mo ka èémí ẹja yẹn fúnra mi, mo kọ ọ́ sí etí ìwé ìròyìn. Mo rí mọ́kànléláàádọ́rin. Bóyá mo ṣì í kà. Ó rí mi, kò sì sọ ìwé ìròyìn náà nù.

Ìwọ lo mọ ibi tí o ti sọ irọ́ yẹn. Ibẹ̀ náà ni kí o lọ sọ òótọ́.

Theophilus.


Aberdeen,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, 1976.

Àǹtí mi, Bọ̀ọ̀dá mi,

Òní ni a wọlé. Mo dìde dúró kí Màdáámù tó ṣí ìwé.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ẹja tí mo kà níbí lóṣù Kọkànlá, kì í ṣe iṣẹ́ mi. Mo parọ́."

Ó ní, "Iṣẹ́ ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Èkó."

"Níbo ló ti kọ́ ìmọ̀ ẹja?"

"Kò kọ́ ọ níbì kankan. Ó ní ẹja kan nínú páálọ̀ tí kò fẹ́ kó kú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màdáámù kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé máàkì, ó fa ìlà gba orí tèmi kọjá, ó kọ òdo síbẹ̀, ó sì jẹ́ kí n rí i. Ó ní kí n lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun kò sì tíì mọ̀ bóyá wọn yóò jẹ́ kí n dúró. Ìgbìmọ̀ ló máa pinnu. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kọ orúkọ rẹ̀ fún mi, kọ ọ́ bó ṣe yẹ kó rí." Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ó ní kí n kọ́ gbogbo kíláàsì bí wọ́n ṣe ń pè é. Wọ́n pe orúkọ yín, Àǹtí. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ní Scotland jọ pe Àrìnpé.

Lẹ́tà tó wà nínú èyí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ sí yín. Mi ò ṣí i.

Bí wọ́n bá lé mi, màá padà wálé wá sọ fún yín fúnra mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo alákàn kan ní etí òkun níbí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń wò ó. Mo ti rí ohun kan, kékeré ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo rí i.

Àbúrò yín,
Olúdayọ̀.


Sùúrùlérè,
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejì, 1976.

Olúdayọ̀,

Mo ti dárí jì ọ́. Ẹ̀bẹ̀ inú lẹ́tà kọ́ ló mú mi ṣe é. O dìde dúró lójú èèyàn, o sì mọ ohun tó lè ná ọ. Bí wọ́n bá ní kí o dúró, dúró. Bí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀, ilé wà. Ṣùgbọ́n má tún fi ìwé mi ṣe ẹ̀wù wọ̀ láé. Mo bínú sí ọ dé egungun, mo fẹ́ kí o mọ̀.

Màdáámù yín bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn abilà gbàgbé ilé wọn àtijọ́ pátápátá, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ tí mo bá dá òkúta padà sí bó ṣe wà. Mo dáhùn ìyẹn, nítorí mo ti dán an wò: ọjọ́ kan péré ni abilà ńlá fi padà sí ihò rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ó bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé ìyípadà òkúta ló ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe òkùnkùn bébà. Mo ní mi ò tíì mọ̀ dájú, pé Jẹ̀lílì ti ṣèlérí ẹja mìíràn, tí a máa tún òkúta tò fún láì bo gíláàsì. Ìkẹta, ó bi mí pé ṣé màá gbà kí òun tẹ ìwé mi jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ronú. Bọ̀ọ̀dá rẹ ló tẹ èsì náà fún mi ní táípù, ó fi nọ́ńbà fáìlì sí i lórí. Mo ní mo gbà.

Lánàá, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi wá sí páálọ̀, mẹ́jọ mẹ́jọ, pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù. Mo ní kí wọ́n wo elẹ́nu ṣóńṣó yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́, àwọn ọmọ tí kì í dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹja náà wá sí iwájú gíláàsì, ó dúró, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Adéfúnmiláyọ̀ na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, ṣé àwa la ń wò ó ni, àbí òun ló ń wò wá?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ déètì òní sí i, kí o sì kọ orúkọ rẹ sí abẹ́ rẹ̀."

Ó kọ ìbéèrè, ó kọ déètì. Ó wá gbójú sókè wò mí. "Tíṣà, kí ló dé tí màá fi kọ orúkọ mi?"

Mo ní, "Nítorí pé ìwọ lo béèrè."

Àrìnpé.